Monopoly nínú kíláàsì ìṣirò owó

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ìṣirò owó ní yunifásítì, n kò tíì rí ohun èlò tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì, ìyẹn apá òsì àti apá ọ̀tún tí a ń kọ owó sí nínú ìwé ìṣirò, yé wọn bíi Monopoly, eré orí bọ́ọ̀dù tí Parker Brothers gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1935. Ẹ̀dà onídọ́là ni ọwọ́ mi tó. Ẹ̀dà Èkó tó jáde ní 2012 ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sẹ́ni tí yóò máa ṣàlàyé fún ọmọ Èkó ìdí tí Banana Island fi wọ́n.

Ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin ni mo pín wọn, kálukú pẹ̀lú lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ owó, tirẹ̀. Wọ́n kọ $1,500 tí báńkì fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò; ilẹ̀ tí wọ́n rà di dúkìá; ẹni tó bá sì yí bọ́ọ̀dù ká, tó gba $200 rẹ̀, yóò ṣe trial balance, ìyẹn ni pé yóò wò ó bóyá àpapọ̀ dẹ́bíìtì àti ti krẹ́díìtì rẹ̀ dọ́gba, kó tó tún ju dáìsì.

Ọ̀rọ̀ fífi dúkìá dógò ni mo fi mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ fi ibùdókọ̀ ojú irin tó rà ní $200 dógò, báńkì ka $100 fún un, ó sì fi ayọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ owó tó wọlé. N kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó fẹ́ gbà á padà, tó ní láti fi èlé ìdá mẹ́wàá lé e, ó kọ gbogbo $110 sábẹ́ ìnáwó. Èrè rẹ̀ wú, ó tún dín kù, bẹ́ẹ̀ ibùdókọ̀ náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbèsè mà ni!", tó pa ìlà méjèèjì rẹ́, tó sì fi $10 nìkan sílẹ̀ bí ìnáwó. Mo bá a wí, nítorí a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú lẹ́jà, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ilé inú eré náà kì í gbó, iye rẹ̀ kì í sì í dín kù àfi tí èèyàn bá dá a padà fún báńkì ní ìdajì owó tó fi rà á. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé, nítorí náà kò sí oníbàárà tó ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ wọn ní ìṣirò ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù yóò wá nǹkan mìíràn. Nítorí ilé tí kì í gbó yẹn, èmi fi òfin tèmi kún un pé ìdá mẹ́wàá owó tí wọ́n fi ra ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ ìnáwó ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì wákàtí méjì kò tó o. Páálí kan gba èèyàn mẹ́jọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju mẹ́rin lọ, ẹni tó ń dúró de dáìsì yóò ti gbé fóònù jáde.