Idẹ Japan, Idẹ Kòríà, Ike: Èwo Ni Ká Rà Nínú Àwòṣe Ẹ́ńjìnnì Dísù Amẹ́ríkà?

Ọjà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòṣe ẹ́ńjìnnì rélùwéè Amẹ́ríkà tó ń lo dísù jọ. Àkọ́kọ́ ni idẹ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Japan. Èkejì ni idẹ Kòríà, tó gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ̀kẹta ni ike ìgbà ìwòyí. Ìwọ̀n HO ni mò ń bá yín sọ, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú 87 ẹ́ńjìnnì gidi, tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 16.5. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ká tó wọnú ọ̀rọ̀: bí ẹ́ńjìnnì tó wù yín bá wà ní ike tó dára, ike ni kẹ́ ẹ rà. Owó idẹ, ẹ fi pamọ́ de èyí tí kò sí ní ike, tàbí èyí tí ọkàn yín kò lè gbé kúrò lára rẹ̀.

Ìdí tí idẹ fi wà

Ẹni tó fẹ́ fi ike ṣe àwòṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin, owó gọbọi sì ni. Kó tó rí owó rẹ̀ padà, yóò tà púpọ̀. Abájọ tí àwọn oníke fi ń du ẹ́ńjìnnì SD40-2, tí EMD, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì dísù, kọ́ ohun tó sún mọ́ 4,000 rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ti ilé iṣẹ́ Lima kò rí bẹ́ẹ̀: kò kọ́ ju bíi 175 ẹ́ńjìnnì dísù lọ, láàárín 1949 sí 1951. Irú àwọn ẹ́ńjìnnì tí kò pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ idẹ yẹ fún.

Pẹlẹbẹ idẹ tín-ín-rín ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òjé yíyọ́ so pọ̀ lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrè, agogo àti irú wọn, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ wọ́n. Wọ́n á fi ohun tó lè gba iná bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà dànù, wọ́n á wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ gbà ṣe àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ ní 1938. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá di fèrè tí kò tó ìdajì ìka mú.

Japan àti Kòríà

Tenshodo, tó ní ilé ìtajà ní Ginza ní Tokyo, ni orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ rélùwéè Great Northern ń wá jù lọ nínú idẹ Japan. Ara wọn gún régé, iṣẹ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kò pọ̀, motor wọn tóbi, ó ń pariwo, ó sì ń jẹ iná. Fánísì orí rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá ti pẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbé e sórí pẹpẹ kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó fẹ́ kó máa fa ọkọ̀ yóò ṣe wàhálà.

Nígbà tí owó yen lágbára tí iṣẹ́ Japan sì di ọ̀wọ́n, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Kòríà. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, Overland Models ti Muncie ní ìpínlẹ̀ Indiana ni mo fi síwájú, pàápàá èyí tí Ajin, oníṣẹ́ idẹ ní Kòríà, bá wọn ṣe. Ẹ gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀: ẹ ó rí i pé àwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rí fáànù lábẹ́ rẹ̀. Irin ìdìmú rẹ̀ tín-ín-rín ju ohun tí ike àtijọ́ lè ṣe lọ. Wọ́n sì máa ń ya ti ilé iṣẹ́ rélùwéè kan sọ́tọ̀ sí ti èkejì, débi iná iwájú àti àpótí orí òrùlé. Bó bá jẹ́ idẹ kan péré lẹ fẹ́ rà, ibí ni kẹ́ ẹ yà sí.

Ike

Ike Kato, Atlas, Athearn Genesis, ScaleTrains: gbogbo wọn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Férémù irin tó wà nínú wọn wúwo, nítorí náà wọ́n lè fa ọkọ̀ púpọ̀ ju ọ̀pọ̀ idẹ lọ, torí pé inú idẹ máa ń ṣófo. DCC (ètò tí a fi ń darí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan láti inú iná ojú irin) àti ìró ẹ́ńjìnnì ti wà nínú ọ̀pọ̀ wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹ wo DDA40X, àrà tí ilé iṣẹ́ rélùwéè Union Pacific gbà 47 rẹ̀ láàárín 1969 sí 1971, ẹ́ńjìnnì méjì nínú ara kan, agbára ẹṣin 6,600. Àwòṣe rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 34. Athearn ti ṣe é ní ike, ó sì dára. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tó fẹ́ kí tirẹ̀ máa rìn yóò fi san owó idẹ lé e.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á rìn ín lójú yín, rọra. Bó bá ń ró tàkì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, jíà ike tó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ ti sán. Ẹ lè fi jíà tuntun pààrọ̀ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Rọ́bà tó so motor mọ́ jíà náà máa ń gan bó bá dàgbà. Ìyẹn kò ṣòro láti pààrọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ idẹ, iná ń gba ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọjá, motor náà sì fara kan férémù. Ẹni tó bá fi decoder DCC (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ DCC) sí i láì kọ́kọ́ ya motor sọ́tọ̀ yóò jó o. Ẹ wọn ojú irin ilé yín pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ idẹ tó ní ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́fà kò ní lè yí ní kọ́nà tí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ ínṣì 18.

Ní ti ọ̀dà, mo fẹ́ràn idẹ tí wọn kò tíì kùn, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ kùn. Èyí tí ẹni tí a kò mọ̀ kùn, ẹ fi awò wo etí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀, bóyá ọ̀dà ki jù. Ẹ má sì rà á bí owó ìfipamọ́. Bí ike ti ń dára sí i ni owó ọ̀pọ̀ idẹ ń wálẹ̀, èyí tó ṣe ẹni tó ń rà lóore.

Páálí àkọ́kọ́ ń fi kún iye rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ṣùgbọ́n fóòmù inú rẹ̀ tó ti dàgbà máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i.