Eyín tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ fún mi, tó dá èjí mi padà

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú tí eyín iwájú mi méjèèjì lókè fi ká. Eyín àtọwọ́dá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi dára fún oúnjẹ, àmọ́ wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra pinpin, kò sí èjí níbẹ̀. Afèjírẹ́rìn-ín ni ìyá ìyá mi ń pè mí láti kékeré. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán orí kọ̀ǹpútà di nǹkan gidi, ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Ìkẹjà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ki abọ́ irin tó kún fún ohun tútù tó ń dì bí ẹ̀kọ bọ̀ mí lẹ́nu títí èébì fi ń gbé mi. Kámẹ́rà onímùú tó ń tanná ni dókítà fi ń rìn lórí erìgì mi, bó ṣe ń lọ ni ẹnu mi ń hàn lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya eyín náà lórí kọ̀ǹpútà ti dí àlàfo pa. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí èjí mi o.” Mo fi fọ́tò ìgbéyàwó mi hàn án lórí fóònù. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó fi máòsì fa eyín kan sápá ọ̀tún díẹ̀, ó fa ìkejì sósì. “Ṣé ó ti tó báyìí, mà?” Mo ní ó kù díẹ̀. Ó tún fà á. Omi bọ́ lójú mi.

Rẹsíìnì tó ń ṣàn, ohun olómi tó ń le bí ike, ni ẹ̀rọ náà ń fi ìmọ́lẹ̀ mú le, ìpele lórí ìpele. Nínú tèmi, ìpele 20 ló wà nínú mìlímítà 1 péré. Wọ́n tẹ èyí tó pọ́n bí erìgì lọ́tọ̀, wọ́n tẹ eyín lọ́tọ̀, kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Kì í ṣe pé kò lábùkù. Etí rẹ̀ kan họ erìgì mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, dókítà rẹ́ ẹ díẹ̀ kó tó sinmi. Bí mo bá dúró nínú oòrùn, ẹni tó súnmọ́ mi á rí i pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jọ eyín gidi jù ú lọ. Owó rẹ̀ náà ju ti àtijọ́ lọ. Ó sì tètè ń fọ́: lóṣù kẹta, ó bọ́ lọ́wọ́ mi sínú síǹkì, ó là sí méjì. Ṣùgbọ́n wọn ò tún ya ẹnu mi rárá. Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n tẹ òmíràn, mo gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ní báyìí, mo máa ń bu omi sínú abọ́ sábẹ́ ẹ kí n tó fọ̀ ọ́, omi gbígbóná ò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ béèrè bóyá rẹsíìnì tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹnu ni wọ́n ń lò, kí ẹ sì gba fáìlì yín. Tèmi wà nínú ìméèlì mi, tòun ti èjí rẹ̀.