Mo lọ rẹ aṣọ láró l'Òṣogbo ní Ọjọ́ Áfíríkà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ní 25 oṣù Karùn-ún tó jẹ́ Ọjọ́ Áfíríkà, tí kálukú ń gbé àsíá sórí sítátọ́ọ̀sì, èmi gba ilé aláró kan lọ nítòsí Ọjà Ọba. Wọ́n máa ń kọ́ èèyàn ní adìrẹ ẹlẹ́kọ níbẹ̀, ₦18,000, yáàdì méjì àti oúnjẹ ọ̀sán wà nínú ẹ̀. Mi ò tíì gbàyè lọ́wọ́ ìyá tó ni ín ni mi ò ṣe dárúkọ ibẹ̀.

Aró gidi ni wọ́n ń lò, ohun tó wù mí jù nìyẹn. Ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sá, kì í ṣe kẹ́míkà inú ọ̀rá. Omi eérú ni wọ́n fi ń pò ó, ìyá fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní kò tíì kan tó, ló bá ṣí ìkòkò míì fún wa. Àárọ̀ la ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà, ẹ̀kọ láfún la fi yà á, ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó Ìbàdàn nínú, ni mo yà àmọ́ òpó tèmi wọ́ díẹ̀. Nígbà tó gbẹ mo ri aṣọ bọ ìkòkò, mo fà á jáde, àwọ̀ ewé tútù ni mo rí! Àyà mi já. Ìyá ní "fà á sókè ọmọ mi, jẹ́ kí atẹ́gùn rí i." Ojú mi báyìí ni àwọ̀ náà ṣe ń yí, láti etí aṣọ lọ sí àárín, títí ó fi di aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun tí wọ́n fi ń ki ìlú wa.

Ó wá yé mi ìdí tí ìtàn Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀ látorí ìkòkò aró. Igi táwọn tó kọ́kọ́ débí gé ló wó lu odò, Ọ̀ṣun sì kígbe pé ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán.

Ọmọ Gánà kan tó ń kàwé níbí wà láàárín wa, ó fi kente, aṣọ híhun ilẹ̀ Gánà, wé ọrùn, òun àti ìyá yẹ aṣọ ara wọn wò fínnífínní, ìyá ní ta ló hun ún, òun náà ní ta ló ya èyí. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ iṣẹ́ kente sílẹ̀ bí ogún àṣà lọ́dún 2024, igbó Ọ̀ṣun tiwa ti wọ ìwé ogún àgbáyé wọn lọ́dún 2005. Ẹ tún rántí kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, láti 1498 ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Ogún kan náà ni, orílẹ̀-èdè 32 tó pàdé ní Addis Ababa lọ́dún 1963 láti dá àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà (OAU) sílẹ̀, tí Ọjọ́ Áfíríkà fi wà, bá a níbẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí ni ayédèrú. Lọ́dún tó kọjá mo ra "adìrẹ" ní ṣọ́ọ̀bù kan, máṣíìnì ló tẹ̀ ẹ́, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ó ṣí pátápátá. Àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2021, ọ́fíìsì ẹ̀ wà l'Accra ní Gánà, àdúrà mi ni pé kí aṣọ ìyá yìí gba bọ́dà dé Kumasi ní Gánà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí kente náà wá sọ́dọ̀ wa, káwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rí i jẹun. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, kí Áfíríkà má ráhùn o, àṣẹ.

Àléébù ibẹ̀: wọn ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé a máa padà wá gba aṣọ lọ́jọ́ kejì torí ó gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó dúdú dáadáa, ẹni tó wá láti Iléṣà bínú. POS ò sí, ẹ mú owó lọ́wọ́. Ìrẹsì ọ̀hún dùn.

Aṣọ tí ò jọ yín lójú ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ, èékánná mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń tẹ èyí.