Ìkòkò 20 Lítà fún Òróró Ewé: Ó Dáa fún Koríko Ọba, Kò Wúlò fún Ewúro

Ìkòkò stainless oní-lítà 20 tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Ohun tó wà nínú páálí rẹ̀ kò pọ̀: ìkòkò, asẹ́ irin tí ewé máa jókòó lé, ìdérí, páìpù tó gba orí ìdérí jáde, àti korobá kékeré tí páìpù bàbà ká mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sè ògógóró ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi á hó, ooru rẹ̀ á gba àárín ewé kọjá, á kó òróró ewé dání, á dé inú páìpù tútù, á sì padà di omi. Ìkòkò fúnra rẹ̀ nípọn, kì í dípẹtà, ó sì rọrùn láti fọ̀. Korobá ìtútù yẹn ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ká fi koríko ọba wò ó, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ewé tíì. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan kó lè rọ, kí ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́. Ẹ bu omi lítà 7 sísàlẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kan asẹ́. Ewé kílò 3 ti tó. Bí ewé bá fẹ́lẹ́ jù, ooru á rí ihò kan gbà jáde, ewé tó kù á sì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá kì í jù, ooru ò ní rí ọ̀nà, á máa ti ìdérí sókè. Ẹ fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀ lábẹ́ ìdérí.

Iná gbọ́dọ̀ le títí omi àkọ́kọ́ fi máa kán. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù títí tí ife 150 mílílítà kan á fi máa kún ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní wákàtí méjì, nǹkan bíi lítà 3.6 á ti jáde, tó túmọ̀ sí pé omi ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi gbẹ, ewé á jóná, òróró á máa rùn bí èéfín, kò sì sí ohun tó lè mú òórùn yẹn kúrò. Kílò 3 yìí á mú nǹkan bíi mílílítà 10 wá, torí òróró koríko ọba sábà máa ń wà láàárín 0.2 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ewé tútù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ máa rí ìgò ńlá kan, irọ́ ló ń pa.

Wàyí o, korobá. Omi lítà 10 péré ló ń gbà, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti gbóná. Bí ìyàrá bá ti ń ta sánsán, tí ooru sì ń yọ lẹ́nu páìpù, òróró yín ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn. Ohun tó tán ìṣòro yìí ni dúrọ́ọ̀mù omi lítà 200 àti pọ́ǹpù kékeré tó ń ti lítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Kí omi tútù máa wọlé nísàlẹ̀ korobá, kí èyí tó gbóná máa jáde lókè padà sínú dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn wákàtí méjì, omi dúrọ́ọ̀mù á kàn fi nǹkan bíi 11°C gbóná ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kí àwọn tó ń tà á sọ èyí fún oníbàárà kó tó sanwó.

Wọn kì í fi ohun tí wọ́n fi ń ya òróró kúrò lára omi sí i. Ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ á ṣe é: òróró koríko ọba àti ti efinrin máa ń léfòó, ti kànáfùrù ló máa ń rì sísàlẹ̀. Rọ́bà ìdérí náà máa ń wú bí ẹ bá ń se èèpo ọsàn lemọ́lemọ́. Ìyẹ̀fun tí ẹ fi omi pò, tí ẹ fi dí etí ìdérí, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ ojú ìjópọ̀ páìpù bàbà wò. Bí ó bá jẹ́ òjé ni wọ́n fi jó o pọ̀, ẹ má rà á.

Ibi tó dunni jù ni ohun tí wọ́n kọ sára páálí, pé ó ń gba "gbogbo agbára ewé". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ta sánsán nìkan ni ooru omi lè gbé. Ohun kíkorò inú ewúro àti dongoyaro kì í bá ooru lọ, inú ewé ló máa kù sí. Àwọn ohun mìíràn sì wà tí iná ń bà jẹ́. Ní 1971, Tu Youyou, onímọ̀ nípa oògùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà pa sísè ewé Artemisia annua tì, wọ́n fi ether, ohun olómi kan tó ń hó ní nǹkan bíi 35°C péré, yọ agbára rẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn ibà artemisinin ti wá, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015.

Rírẹ ló yẹ ewé kíkorò: ewé gbígbẹ gíráàmù 100 sínú ethanol (ọtí líle) tí èèyàn lè mu, oní 70 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà 500, fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa mì í lójoojúmọ́. Ẹ má da ethanol yìí sínú ìkòkò tí à ń sọ yìí kí ẹ gbé e ka iná gáàsì. Etí ìdérí rẹ̀ ò dí tán, bí ooru ethanol bá sì rí iná, ó máa gbiná lójú ẹsẹ̀.