Kọ̀ǹténà àlòkù àbí pákó àwókù ilé: èwo ni kí ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọnà yín?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi: pákó ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹténà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹténà fi dára ni pé ó yá. Wọ́n á gbé e dé láàárọ̀, ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn tí olè kò lè fi èjìká tì. Àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 ju tọ́ọ̀nù 2 lọ lófìfo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àdúgbò yín: ṣé kireni lè wọlé, ṣé wáyà iná kò rọ̀ sílẹ̀ jù? Inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, odindi plywood kan kò lè dùbúlẹ̀ níbùú. Ooru ńkọ́? Irin ni. Tí oòrùn ọ̀sán bá wọ̀ ọ́ lára, aránṣọ tó bá jókòó síbẹ̀ láìsí fáànù, òógùn ni yóò fi rán aṣọ. Tí ẹ bá máa gé fèrèsé sí i, kí wẹ́dà fi irin yí ojú ibẹ̀ ká, torí ògiri tó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ yẹn wà lára ohun tó mú un le.

Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni òjò máa gbà. (Kí ẹnì kan dúró síta o, ìta ni wọ́n ti ń ṣí i.)

Pákó àwókù máa ń gba sùúrù. Ẹ ó máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì sanwó fún ẹni tó máa yọ ìṣó, torí ìṣó kan ṣoṣo tó láti ba eyín ayùn jẹ́. Ṣùgbọ́n pákó ìrókò tàbí igi apá inú ilé àtijọ́ ti gbẹ tán, kò ní lọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ bíi pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ayùn. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un: tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ikán ti jẹun níbẹ̀. Fèrèsé lúfà àtijọ́ ni kí ẹ wá, atẹ́gùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Àjà asbestos nìkan ni kí ẹ má gbà, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Tí ẹnì kan bá sì gbé ilẹ̀kùn ilé Àgùdà (ilé àwọn tó ti Brazil padà wálé) wá, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó lè jẹ́ ilé tí kò yẹ kí wọ́n wó ni: Ilé Ìlọ́jọ̀, ilé Àgùdà kan ní Èkó tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o ní 2016.

Ẹ̀yin tó ń gba orin sílẹ̀, kírétì ẹyin kò ní dá ariwo jẹnẹrétọ̀ dúró. Ẹ fi pákó kọ́ ògiri kejì sínú kọ̀ǹténà, kí méjèèjì má kan ara.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ wà, ẹ ra kọ̀ǹténà. Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá ní kí ẹ kó jáde, kireni á gbé e lọ. Pákó, ẹ ó tún tú u ní ìṣó kọ̀ọ̀kan.