Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra MGB: ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ méjì tí wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n ń tà ní ojúlówó

Ẹ má tíì fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Tí ẹ bá rí MGB kan, ìyẹn ọkọ̀ eré àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Britain, tí wọ́n ń polówó níbẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí ẹni tó ń tà á sì ń pariwo pé "matching numbers" ni, ìyẹn pé bọ́dì àti ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi jáde, pé kò sí nọ́ọ̀tì kan tí àwọn kò tú nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í: bọ́dì wo ló ni nọ́ńbà yìí? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á dáhùn lójú ẹsẹ̀, á sì fi fọ́tò hàn yín. Oníjìbìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

Ká má ṣi ara wa gbọ́ o. Kí èèyàn fi ọkọ̀ àtijọ́ méjì ṣe ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ṣe MGB ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Abingdon, ní England, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti lé ní ogójì ọdún. Ó wọ́pọ̀ kí ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ọ̀kan tán nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń dún kíkankíkan, kí ìkejì sì ní bọ́dì tó le koko ṣùgbọ́n kí gíà rẹ̀ ti kú. Ọlọ́gbọ́n á mú bọ́dì tó dáa, á tú ẹ́ńjìnì, gíà, áàsù (axle) ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì lára èkejì, á kó wọn wá sórí èyí. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n MGB kò ní ṣásí tó dá dúró bíi ti lọ́rì. Bọ́dì yẹn náà ni ṣásí. Ibi tí bọ́dì bá lọ, ibẹ̀ ni orúkọ àti ìwé ọkọ̀ ń bá a lọ. Gbogbo ohun yòókù, ẹrù lásán ni.

Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á mú ìwé ọkọ̀ tó ti jẹrà tán, wọ́n á yọ àwo nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ bọ́dì ọkọ̀ mìíràn. Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n gé ọkọ̀ méjèèjì láàárín, kí wọ́n fi wẹ́dà lẹ iwájú ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ìkejì. Owó ló fà á. Èyí tí bọ́ǹpà rẹ̀ jẹ́ irin dídán, tí wọ́n ṣe títí di 1974, wọ́n ju onírọ́bà tó tẹ̀lé e lọ lọ́jà. Roadster tí kò ní òrùlé sì wọ́n ju GT tó ní òrùlé lọ. Nítorí náà, bọ́dì onírọ́bà tó wọ ìwé onírin, tàbí bọ́dì gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà tó wọ ìwé ọkọ̀ Britain tó ti kú, èrè ńlá ló wà níbẹ̀.

Bọ́ǹpà kì í ṣe ẹ̀rí, àárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó ni kí ẹ lọ wò. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ìdérí tó wà níbẹ̀. MGB onírin ní àpótí bátìrì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí pé bátìrì 6 volt méjì ni wọ́n fi jáde. Nígbà tí bọ́ǹpà rọ́bà dé ní òpin 1974, bátìrì 12 volt kan ṣoṣo ló kù. Ẹ má wo bátìrì fúnra rẹ̀ o, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ ti yọ méjì tí wọ́n sì fi ẹyọ kan sí i, kò sì sí àléébù níbẹ̀. Àpótí ni kí ẹ wò. Tí ìwé bá sọ pé 1971, tí àpótí sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti 1971.

Ti Amẹ́ríkà náà ní àmì tirẹ̀. Láti ọdún 1968 ni roadster tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ ti ní wáípà mẹ́ta dípò méjì. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ti Britain gbọ́dọ̀ dí ihò kan nísàlẹ̀ dígí iwájú, ó sì gbọ́dọ̀ yí ibi tí méjì yòókù wà padà. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé irin náà láti òkè, kí ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: òkè á jọ̀lọ̀, abẹ́ á sì fi àpá wẹ́dà rogodo hàn. Bákan náà ni iná kékeré ẹ̀gbẹ́ tí òfin Amẹ́ríkà béèrè fún lára ọkọ̀. Ẹ ṣí búùtù, ẹ fọwọ́ kan inú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, ẹ á bá ibi tí wọ́n ti dí i. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé kò burú. Wọ́n sábà máa ń gbẹ ju ti Britain lọ, bí wọ́n bá ti ibi tí yìnyín àti iyọ̀ títì kò sí wá. Irọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló burú.

Onírọ́bà tí wọ́n sọ di onírin láìṣe iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ tún máa ń ga sókè bí ẹni wọ bàtà gogoro. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e sókè nígbà tí rọ́bà dé, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe so iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ẹni tó fi iwájú ọ̀kan lẹ ẹ̀yìn ìkejì á ní iwájú tó tẹ̀, ẹ̀yìn tó gbé.

Wàyí o, ibi tó lè pa èèyàn. Irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní sill, kì í ṣe ẹyọ irin kan. Ìpele mẹ́ta ló jẹ́, ti òde, ti àárín àti ti inú, tí irin mìíràn sì tún gbà wọ́n mú nísàlẹ̀. Nínú roadster tí kò ní òrùlé, sill méjèèjì àti ihò gígùn tí gíà ń gbà kọjá láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ ló di iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí roadster fi rọrùn láti gé pọ̀: kò sí òrùlé láti tò, ilẹ̀ nìkan ni. Ìdí kan náà sì ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Bí ọkọ̀ tí wọ́n lẹ̀ láàárín bá kọlu nǹkan, ojú wẹ́dà ni yóò ti ṣẹ́.

Tí wọ́n bá pààrọ̀ sill bó ṣe yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ fi irin di ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kó má bàa rọ, wọ́n á ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì, ilẹ̀kùn á sì wà lórí ìkọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa wò ó bóyá ó ṣì ń bọ́ sí àyè. Àwọn oníjìbìtì kàn máa ń lẹ ti òde tuntun lé ti inú tó ti jẹrà ni, wọ́n á fi pọ́ti tò ó, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú bíi ti títì bò ó nísàlẹ̀.

Ẹ wá páálí kan tó wọ àlàfo tó wà láàárín etí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti bọ́dì gẹ́lẹ́. Ẹ fi sí apá òkè. Ẹ wá fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ náà níbi ìgbéjáàkì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí táyà á fi kúrò nílẹ̀. Tí páálí náà bá há tàbí tó wá tú gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ nínú àlàfo yẹn, tàbí tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ọkọ̀ yẹn ti ń tẹ̀ láàárín. Ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Tí oníṣòwò bá ní ẹ kò gbọdọ̀ fi jáàkì kàn án, ẹ ti rí ìdáhùn yín láìfọwọ́ kàn án.

Nísàlẹ̀, wẹ́dà ilé iṣẹ́ dà bí ojú kékeré tó wọnú díẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ní ìwọ̀n kan náà. Tí ẹ bá rí ìlà kan gbọọrọ tó gba ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá láti sill dé sill, ìtàn ti parí. Ẹ tún wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú ìdarí tó wà ní gbọọrọ: 91 íǹṣì, ìyẹn bíi 231 sẹ̀ǹtímítà. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà kan ju ìkejì lọ, ọkọ̀ á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn, á sì máa jẹ táyà.

Àwọn onítáyà wáyà, ìyẹn táyà tó ní wáyà bíi ti kẹ̀kẹ́, tí ìdè ńlá kan ṣoṣo sì dè é mú láàárín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Okùn ìdè (thread) apá òsì àti ti ọ̀tún kò lọ sí ibì kan náà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n tò dáadáa, tí ẹ bá ń tú ìdè náà, ibi tí táyà ń yí sí nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síwájú ni ó máa ń yí sí. Tí wọ́n bá fi ohun tó gbé táyà òsì ti ọkọ̀ kan sí ọ̀tún ọkọ̀ kejì, ìdè náà á máa tú fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Ẹ̀mí lè lọ sí i.

Ẹ́ńjìnì kò le láti mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ irú tó jẹ́. 18G àti 18GA ní bíárìn ńlá mẹ́ta, 18GB tó tẹ̀lé e ní márùn-ún, 18V sì dé ní 1971. Ẹ́ńjìnì 18V nínú ọkọ̀ 1965 kò bà á jẹ́, ó lè dáa ju ti ìṣáájú lọ pàápàá, ṣùgbọ́n "matching numbers" kọ́ nìyẹn.

Ìwé wá kàn. V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó ń tà á ló ni ín, DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Britain, fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí láti British Motor Museum ní Gaydon, tí wọ́n ń kọ jáde láti inú ìwé ilé iṣẹ́: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ibi tí wọ́n kó o lọ. Kí ẹ wá wá àwọ̀ yẹn lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì àti lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iwájú bá ní àwọ̀ kan nísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ní òmíràn, ọkọ̀ méjì ni. Bí bọ́dì tuntun láti British Motor Heritage, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́dì tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́, bá ni wọ́n fi tún un ṣe, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n rìsíìtì bọ́dì náà dà?

MGB tó lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò yí padà jìnnà, kò nílò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́ láti 2018. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí òfin ní kó wo abẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ lè wo àkọsílẹ̀ MOT àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2005 wá. Tí ọkọ̀ kan bá fìdí rẹmi nítorí ìpẹtà sill lọ́tùn-ún lósì, tó pòórá fún ọdún bíi mẹ́jọ, tó wá yọ jáde bí ìyàwó tuntun, ẹ béèrè bọ́dì tó fi padà wá. Tí àṣírí bá tú lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, DVLA lè gba nọ́ńbà náà, kí wọ́n fún un ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, àmì pé orísun ọkọ̀ náà kò dájú, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà lè kọ̀ láti sanwó.

Ẹni tó bá pọn dandan fún láti san àsansílẹ̀, kó fi káàdì credit san án. Bí iye ọkọ̀ bá ju £100 lọ tí kò kọjá £30,000, Section 75 nínú òfin ìrajà àwìn (Consumer Credit Act) mú kí báńkì náà jíhìn, bó tilẹ̀ jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan lẹ fi káàdì san. Bí ẹ bá sì rà á lọ́wọ́ oníṣòwò, tó wá hàn pé kì í ṣe ohun tó pè é, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 (Consumer Rights Act) fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kí ẹ gba owó yín. Ẹ̀tọ́ yìí kò sí níbi tí ẹnì kan bá ti ta ọkọ̀ ara rẹ̀ fún yín, ìdí nìyí tí oníṣòwò mìíràn á fi sọ pé ọkọ̀ ìyàwó òun ni. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ilé ìṣòwò lórí, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ṣásí sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà náà àti bọ́dì náà jọ jáde láti Abingdon ni. Tí kò bá lè fọwọ́ sí i, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.