Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré tàbí ńlá: èwo ni ká fi lé omi kúrò nínú páìpù kí òtútù tó dé?

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní ilé ní Chicago tàbí Minnesota, omi tó bá dì nínú páìpù ọgbà tàbí ti ìta máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ibẹ̀ ni páìpù ti ń bẹ́. Atẹ́gùn láti inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn pọ̀, la fi ń lé e jáde.

Psi, ìyẹn bí atẹ́gùn ṣe ń fi agbára tì tó, nìkan kọ́ ló ń gbé omi. Bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn CFM, ló ṣe pàtàkì jù. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré onígálọ́ọ̀nù 6 lè dé psi 150, síbẹ̀ CFM rẹ̀ kì í sábà ju 3 lọ. Tí táǹkì bá ti tú tán, omi tó kù á ṣàn padà sí ibi tó lọ sílẹ̀ nínú páìpù. Ẹ ó dúró kó tún kún, ẹ ó tún fẹ́ ẹ. Ńlá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, oní-CFM 185, kì í dá dúró.

Kékeré, ẹ rà á tán nìyẹn, ẹ ó sì máa fi fẹ́ táyà. Ńlá, yíyá ni lọ́dọọdún, àfi kí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ dá owó rẹ̀.

Ewu wà lára ńlá gan-an o! Ẹ má jẹ́ kó kọjá psi 80 fún páìpù oníke líle PVC, 50 fún páìpù dúdú polyethylene. Ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú.

Ọgbà kékeré tàbí ẹ̀rọ omi ìta kan ṣoṣo, kékeré tó o, bẹ́ ẹ bá ní sùúrù. Ọgbà ńlá tí páìpù rẹ̀ gùn, ẹ yá ńlá.